Ọ̀kan Tó Dín

Bó bá ṣe pé irọ́ ni mo fẹ́ pa, èyí tó dùn létí ju báyìí lọ ni mi ò bá wá. Èyí ò dùn. Ó ṣẹlẹ̀ ni. Ẹnu ẹni tó ṣe é gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, ẹni náà ò sì mu ọtí lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Ní Mákun ló ti ṣẹlẹ̀, ní Ṣàgámù níbí, láyé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, nígbà tí ọmọ kún kíláàsì bí ẹ̀wà inú ìkòkò. Kì í sì í ṣe òru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé òru nìkan ni ohun abàmì ń jáde, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀sán gangan ni, nínú ọyẹ́, tí àwọn obìnrin ń bó obì lábẹ́ àtíbàbà.

Tíṣà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Ọláníyọnu Akínyọdé. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni, ọmọ àwọn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tíṣà sì ni bàbá rẹ̀ náà. Kíláàsì karùn-ún ló ń kọ́. Kí á má parọ́ mọ́ ọn: kò sí ẹni tó mọ ìṣirò í kọ́ ọmọ bíi tirẹ̀, láti Ìlárá títí dé Ìbídò. Àwọn tíṣà yòókù á kọ ìṣirò sójú pátákó, àwọn ọmọ á máa tòògbé. Tiẹ̀ kọ́. Lọ́jọ́ kan, ojú fèrèsé ló gbà wọlé, ó ní kí wọ́n ṣírò iye ìṣísẹ̀ tí òun fi dín ìrìn òun kù. Lọ́jọ́ mìíràn, ó fi alángbá sínú páálí ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí ọmọ kan lọ mú ṣọ́ọ̀kì méjì wá níbẹ̀. Á ní kó o ro iye kan sínú, kó o sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kó o ro mẹ́wàá mọ́ ọn, kó o pín in sí méjì, kó o wá yọ èyí tó o kọ́kọ́ rò kúrò. Lẹ́yìn náà á tẹjú mọ́ ọ, á ní, "Àrún ló kù sí ọ nínú." Kì í tàsé. Àwọn ọmọ á hó yèè. Ọmọ tó ń sá fún ilé-ìwé tẹ́lẹ̀ wá ń dé kí àgogo tó lù.

Àbùkù kan ló wà níbẹ̀. Kò sí idán Tíṣà tí ẹnì kan kì í sunkún níparí rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ kọ́ wọn ní òdo, ó ní kí ọmọbìnrin kan, Ìdíátù, na ọwọ́ méjèèjì, ó bu òdo sí i lọ́wọ́, ó ní kó gbé e lọ fún hẹ́dìmásítà, kó má jẹ́ kó dà. Ọmọ náà ń yọ́ rìn gba àárín pápá kọjá, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó padà dé, Tíṣà yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò, ó ní ó ti dà á sọ́nà, ó sì fún un lẹ́gba. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àmọ́ ṣá o, kò sí ẹni tó gbàgbé òdo mọ́ láyé. Tíṣà a máa ní ohun tó bá dun ọmọ ni ọmọ ń rántí. Ẹ má dá mi lóhùn, èmi náà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jáde lẹ́nu èèyàn.

Ìṣirò ìyọkúrò ló wá da omi àlàáfíà rú. Ogójì géérégé ni àwọn ọmọ kíláàsì náà. Tíṣà ń kọ́ wọn bí Yorùbá ṣe ń kà, ó sì ń rú wọn lójú: kí ló dé tí a kì í pe mọ́kàndínlógójì ní ọgbọ̀n àti mẹ́sàn-án bí Òyìnbó ṣe ń pè é? Tíṣà ní Òyìnbó ń rò mọ́ ọn ni, àwa ń yọ kúrò ni. Ó ní bí a bá ti lè dé márùndínlógójì, ojú wa ti kúrò lára ọgbọ̀n, ogójì là ń wò, a wá ń lé èyí tí a ò fẹ́ síta.

"Ẹ ò lè pe mọ́kàndínlógójì," ló wí, "kẹ́ ẹ má lé ẹnì kan jáde. Ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan dín. Ó yá, ta ni ọ̀kan náà?"

Ojú rẹ̀ ń rìn lórí bẹ́ǹṣì. Ó rìn kọjá ọmọ olówó, ó rìn kọjá ọmọ pásítọ̀, ó sì tẹ̀dó sára Ràbíátù.

Ọmọ Ìyá Ràbí ni Ràbíátù, obìnrin tó ń bó obì gbàǹja fún àwọn oníṣòwò Sábó. Ìyá náà ti bímọ ṣáájú rẹ̀, wọn ò dúró. Òun nìkan ló jókòó tì í. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, àwọ̀ obì ti ràn mọ́ ìka rẹ̀, ìka náà ló sì fi ń ka ìṣirò lábẹ́ tábìlì. Ìyẹn máa ń bí Tíṣà nínú.

Tíṣà lọ dúró tì í, ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè orí rẹ̀, kò kàn án. Ó ní, "Láti ìsinsìnyí, ẹ ò rí i mọ́. Ẹni tó bá rí i, màá nà án. Ẹ kà."

Wọ́n ń kà á lọ, oníkálukú ń pe iye tó kàn án. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ràbíátù, ọwọ́ Tíṣà wà níbẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e gba iye rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Olúdọ̀tun ló jókòó kẹ́yìn, lẹ́nu ọ̀nà. Ó kígbe, "Mọ́kàndínlógójì!"

"Ọ̀kan ńkọ́?"

"Ọ̀kan ti dín!" ni gbogbo wọn dáhùn, tí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ràbíátù pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó rò pé bí àgogo bá ti lù, ó ti parí nìyẹn.

Kò parí. Eré náà dùn ju kó parí lọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó kí Ràbíátù, kò sẹ́ni tó pè é ṣeré. Wọ́n ń gbé báàgì lé e lẹ́sẹ̀ bí ẹni gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Bó bá nawọ́ láti dáhùn ìbéèrè, Tíṣà á ní atẹ́gùn kan ń fẹ́ lẹ́yìn yẹn, kí wọ́n bá òun pa fèrèsé dé. Ẹ̀rín á sọ. Ọjọ́ tí Ràbíátù sunkún, wọ́n ní òjò ń bọ̀. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, inú ń bí mi títí di òní, ṣùgbọ́n kí ni ìbínú mi lè ṣe sí i?

Ìyá Ràbí gbọ́. Ó gbọn èèpo obì dànù lára ìró rẹ̀, ó gba ilé-ìwé lọ. Ó kúnlẹ̀ fún Tíṣà lábẹ́ igi máńgòrò, lójú gbogbo ayé, obìnrin tó dàgbà jù ú lọ dáadáa. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé wọ́n ń ka ọmọ níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń ba òun.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Tíṣà," ló wí.

Inú Tíṣà dùn, torí èsì ti dé ẹnu rẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Mo ka ti gbogbo ayé. Tiyín nìkan ni mi ò kà."

Àwọn tíṣà tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Tíṣà dá eré náà dúró. Kì í ṣe àánú o. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì ti ta á lólobó pé bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá wù wọ́n, òun ni wọ́n máa fi ṣe hẹ́dìmásítà ní Ìlárá. Ó fẹ́ kí kíláàsì òun pé. Ó ní Ràbíátù ti padà, kí wọ́n kà.

Wọ́n kà. Nígbà tó kan Ràbíátù, Tíṣà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì bá a pè é fúnra rẹ̀: "Ẹ̀tàlá." Ìdíátù ló jókòó tẹ̀ lé e. Òun náà ní, "Ẹ̀tàlá." Wọ́n kà á dé ẹnu ọ̀nà, Olúdọ̀tun ní, "Mọ́kàndínlógójì."

Tíṣà ní eré ti parí, ṣé wọn ò gbọ́ ni. Wọ́n tún un kà. Mọ́kàndínlógójì. Ó mú pàṣán. Ó nà wọ́n láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n sì tún un kà pẹ̀lú ẹkún. Mọ́kàndínlógójì. Ìdíátù gbé ojú sókè, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Ẹ̀tàlá ló kàn mí lóòótọ́." Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ Ràbíátù bó ti ń wí bẹ́ẹ̀. Ojú tí èèyàn fi ń wo ògiri ló fi wò ó.

Tíṣà rí i pé ọmọ náà kò ṣeré.

Ó rán wọn lọ ra obì. Ó ka ogójì sínú abọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ń pín in fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ti Ràbíátù sí i lọ́wọ́, ó sì pa ìka ọmọ náà dé lé e. Ọwọ́ náà tutù. Ó pín in tán, ó padà sídìí abọ́. Obì kan wà níbẹ̀. Ewúrẹ́ kan ń ké níta. Ó ké títí, ó dákẹ́.

Ràbíátù la ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó. Òfìfo ni.

"Mo dì í mú, Tíṣà," ló wí. "Mo dì í mú dáadáa."

Láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kúrò nínú kíláàsì. Ẹni tó ń ta ìrẹsì á bu ti ẹni tó wà níwájú Ràbíátù, á bu ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á sì de igbá rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wá gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ fò ó, ó sì na apá rẹ̀ sílẹ̀ títí wọ́n fi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ẹ rò ó wò, ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́!

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí Tíṣà ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, Ìyá Ràbí ló bá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní èbà ni òun tẹ̀ lánàá. Òun jẹ ẹ́ tán, òun fọ abọ́, òun ti ilẹ̀kùn, òun sùn. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ lòun rí Ràbíátù níta nínú ọyẹ́, tí ètè rẹ̀ ti là. Ọmọ náà sọ fún òun pé òun kan ilẹ̀kùn, òun sì ń ké pe ìyá òun.

"Mi ò gbọ́," ni obìnrin náà wí. "Mi ò tiẹ̀ rántí pé ó yẹ kí n máa retí ẹnì kan. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Ẹ ka ọmọ mi. Ẹ kà á kí n tó gbàgbé rẹ̀."

Ṣé ẹ gbọ́ bí? Ìyá abiyamọ ọmọ Rẹ́mọ, tó ń bẹ èèyàn pé kó bá òun ka ọmọ òun. Irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí, mi ò sì fẹ́ tún gbọ́ ọ mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Tíṣà gbìyànjú ohun kan. Ó rò ó pé bí iye náà bá ti taku pé dandan ni kí ọ̀kan dín, kó jẹ́ ẹlòmíràn ni. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè orí Olúdọ̀tun. Wọ́n kà. Ràbíátù pe ẹ̀tàlá, Ìdíátù pe ẹ̀rìnlá. Inú Tíṣà ti fẹ́ẹ́ dùn nígbà tó gbọ́ tí Olúdọ̀tun figbe ta. Ẹni tó jókòó tì í ti sún wá, ó sì jókòó lé e lẹ́sẹ̀ gbáà, ó ń wo iwájú, kò mọ̀ pé èèyàn wà nísàlẹ̀ òun.

Ní iwájú kíláàsì, Ìdíátù ń bá Ràbíátù sọ̀rọ̀. Ó ń bi í pé níbo ló ti wà láti ọjọ́ yìí. Ràbíátù ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ nu ojú.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí rèé. Bàbá Olúdọ̀tun ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ná ọ̀nà Èkó, àwọn lọ́yà ló sì ń bá a jẹun. Tíṣà rò ó, kò pẹ́ rárá. Ó padà sọ́dọ̀ Ràbíátù. Ọmọ náà rí ọwọ́ tó ń bọ̀, ó sì tẹ orí rẹ̀ ba. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má ṣe é." Tíṣà ṣe é. Ó ní kí wọ́n kà, wọ́n kà, Olúdọ̀tun padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, Ìdíátù sì gbàgbé ohun tó ń sọ lọ́wọ́ láàárín méjì.

Ìyá Ràbí ti dúró lójú fèrèsé. Ó rí gbogbo rẹ̀. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó ní, "Ẹni tó yọ ọ́ ni kó bọ́ síbẹ̀. Tíṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fò yín."

Tíṣà ní òun ò sí lára ogójì. Obìnrin náà ní òun mọ̀, ìyẹn ló fi máa rọrùn: bí wọ́n bá fo Tíṣà, ogójì ọmọ á pé, kò sẹ́ni tó máa pàdánù ọmọ. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ná ọjà.

Mo ní láti sọ òtítọ́ nípa ọkùnrin náà, ó gbìyànjú. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràbíátù. Ó pe Olúdọ̀tun pé kó wá na ọwọ́ sókè orí òun. Ó di ojú. Kíkà bẹ̀rẹ̀. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ó ń gbọ́ bó ti ń bọ̀. Ó la ojú díẹ̀, ó rí Olúdọ̀tun tó dúró tì í, tí ọmọ náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó nà sínú afẹ́fẹ́, tó ń ṣe kàyéfì ohun tó gbé e síbẹ̀. Ọmọ náà ò rí i mọ́. Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán. Tíṣà rò nípa ìyàwó rẹ̀ nílé tó ń bu oúnjẹ. Ẹ̀wá. Ó rò nípa ilẹ̀kùn tí wọ́n máa tì.

Ràbíátù di apá aṣọ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ó ku díẹ̀, Tíṣà."

Oókànlá.

"Ó tó!" ni Tíṣà pariwo. Ó ti dìde, ó ti bì bẹ́ǹṣì ṣubú. Àwọn ọmọ fò sókè, gbogbo wọn ń wò ó, wọ́n ń rí i kedere. Ó sáré jáde. Kò wo ojú fèrèsé bó ti ń kọjá.

Àwọn alábẹ̀wò dé ní Ọjọ́bọ̀. Wọn ò rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àgbà inú wọn bi àwọn ọmọ pé mélòó ni wọ́n, wọ́n kígbe iye náà, Tíṣà ní, "Ọ̀kan ńkọ́?", wọ́n dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ràbíátù wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó máa di oṣù kejì, Tíṣà ti wà ní Ìlárá, ó ti di hẹ́dìmásítà.

Ó tó ọdún kan kó tó tún gba Mákun kọjá. Ọ̀nà mìíràn ló ń gbà. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ tó wọ̀ ló dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, bó ti sọ̀ kalẹ̀ ló rí obìnrin náà tó ń da obì sínú agbọ̀n, tó ń fi ewé tẹ́ ẹ. Ó pè é: "Ìyá Ràbí." Kò yíjú. Ó tún un pè. Ìgbà tó dé iwájú rẹ̀ gan-an ni obìnrin náà gbójú sókè, tó sì kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò. Ó ní Ìyá Olóbì ni wọ́n ń pe òun níbẹ̀, ó jọ pé ẹlòmíràn ni Tíṣà ń wá.

"Ràbíátù ńkọ́?" ni Tíṣà bi í.

"Ta ni Ràbíátù?" Ó ronú díẹ̀, ó ń wá a kiri nínú orí rẹ̀ lóòótọ́. "Ẹ dákun, Tíṣà, ẹ má fi ìyẹn bá mi ṣeré. Gbogbo èyí tí mo bí, kò sí èyí tó dúró."

Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gùn sí i. Aṣọ ilé-ìwé yẹn náà ló wọ̀, ó ti kéré jù fún un, kò sì sí ẹni tó fọ̀ ọ́. Ó di etí ìró ìyá rẹ̀ mú pẹ̀lú ìka méjì, ó ń wo Tíṣà.

Tíṣà ò mọ ìdí tí òun fi ń rí i. Títí di ọjọ́ tó sọ ọ́ fún mi, kò mọ̀ ọ́n.

"Ta lẹ ń wò lẹ́yìn mi?" ni obìnrin náà bi í. Ó fẹ́ yíjú wẹ̀yìn.

Ọmọ náà ò mira. Ó ń dúró de ohun tí Tíṣà máa sọ.

"Kò sí ẹnì kankan, ìyá," ni Tíṣà wí.

Obìnrin náà ní ó dàbọ̀, kó bá òun kí ìyàwó rẹ̀ nílé. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù, ó gba ọ̀nà Sábó lọ. Ó ń yára rìn, torí kò ní ẹni tó ń dúró dè, ọmọ náà sì ń sáré díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó má bàa já ìró náà sílẹ̀.